Ẹsẹ̀ ọmọ tó kéré jù ni kí ẹ fi yàn: Òkè Ìdànrè, ààfin Déjì, Ọ̀wọ̀ tàbí oko kòkó kí ilé ìwé tó wọlé

Kò sí ọmọ ọdún mẹ́rin tó wúwo tó èyí tó bá sùn lọ lórí àtẹ̀gùn Òkè Ìdànrè. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀, nítorí èmi ni mo pọ̀n ọ́n sọ̀kalẹ̀. Oṣù kẹsàn-án ọdún tó kọjá ni, ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí ilé ìwé wọlé. Àwọn ọmọ mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti dà mí lórí rú pé ìsinmi ti fẹ́ parí, a ò sì tí ì lọ síbì kankan. Ni mo bá kó wọn sọ́kọ̀, mo ní Ìdànrè là ń lọ. N kò wo ojú ọ̀run, n kò sì ro ti ẹsẹ̀ àbígbẹ̀yìn. Òkìkí òkè náà nìkan ni mo rò.

Òjò ká wa mọ́ ìdajì ọ̀nà. Kò kìlọ̀, ó kàn dà lé wa lórí ni. Òkúta ń yọ̀ bíi pé wọ́n da epo sí i. Àkọ́bí mi, ọmọ ọdún 12, di irin ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn mú, ó ń rẹ́rìn-ín. Èyí tó tẹ̀ lé e, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ń sunkún sílípáàsì rẹ̀ tó já. Àbígbẹ̀yìn ní tirẹ̀ gbé orí lé mi léjìká, ó sùn lọ nínú òjò. Nígbà tí a fi máa délẹ̀, orúnkún mi ń gbọ̀n débi pé mo jókòó sórí àtẹ̀gùn tó gbẹ̀yìn, n kò lè dìde. Bàbá kan tó ń ta omi inú ọ̀rá níbẹ̀ wò mí títí, ó ní, “Ẹ kú ewu o, Ìyá. Ṣé kò sí ibòmíràn ni?”

Ibòmíràn wà. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni Ìyá Ìbejì tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé wa ní Àkúrẹ́ bi mí pé, “Ẹ̀yin tí ẹ máa ń kó ọmọ káàkiri yìí, níbo ni kí n kó àwọn tèmi lọ kí wọ́n tó wọlé?” Ọmọ ọdún mẹ́fà ni àwọn ìbejì náà. Mo ní kí ó jókòó. Ohun tí mo sọ fún un ni mo kọ síbí, mo kàn fi díẹ̀ kún un.

Ẹ wo ojú ọ̀run kí ẹ tó wo àpò

Lẹ́ẹ̀mejì ni òjò máa ń le ní Àkúrẹ́ láàárín ọdún. Ó máa ń le ní oṣù kẹfà sí ìkeje, á fún wa láyè díẹ̀ ní oṣù kẹjọ, lẹ́yìn náà ni àrọ̀kúrò á bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án, á wọ ìkẹwàá. Ìgbà tí àwọn ará òkè òkun ń sọ pé ooru ti ń lọ, tí ewé igi wọn ń pọ́n, tí wọ́n ń kó ọmọ lọ já ápù lóko, ìgbà náà gan-an ni òjò tiwa ń padà bọ̀. Àbúrò mi tó wà ní Kánádà máa ń fi fọ́tò ránṣẹ́ lásìkò yìí: àwọn ọmọ rẹ̀ nínú kóòtù, ewé pupa lẹ́sẹ̀ wọn. Èmi náà a fi fọ́tò ẹrẹ̀ ránṣẹ́ sí i.

Òjò àsìkò yìí sábà máa ń dé lẹ́yìn ọ̀sán, nígbà tí oòrùn bá ti mú ilẹ̀ gbóná. Nítorí náà, àárọ̀ kùtùkùtù ni ìjáde oṣù kẹsàn-án. Ẹni tó bá jí ní aago mẹ́jọ, tó ní kí òun se ìrẹsì kí òun sì di irun ọmọ méjì, tó wá jáde ní aago méjìlá, òjò ló ń lọ pàdé. Alẹ́ àná ni kí ẹ ti di irun.

Òkè Ìdànrè àti ààfin Déjì

Bí ẹ bá bi èèyàn mẹ́wàá ní Àkúrẹ́ pé níbo ni kí ẹ kó ọmọ lọ, mẹ́sàn-án á ní Ìdànrè. Wọn ò parọ́. Kò jìnnà, nǹkan bí kìlómítà 20 sí 25 ni, àwọn òkúta tó yí Odòde, ìlú ìsàlẹ̀ òkè náà, ká sì tó kí ọmọ la ẹnu sílẹ̀ kí ó gbàgbé rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Orí òkè ni àwọn ará Ìdànrè ń gbé fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, Ufẹ̀ Òkè ni wọ́n ń pè é, kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀ wá tẹ̀dó sísàlẹ̀ lásìkò àwọn òyìnbó. Ààfin àtijọ́ ti Ọwá, ọba Ìdànrè, ṣì wà lókè, bẹ́ẹ̀ ni ilé ìwé àtijọ́ àti ilé ẹjọ́. Láti ọdún 2007 ni orúkọ ibẹ̀ ti wà nínú ìwé àwọn ibi tó ń dúró de ìdánimọ̀ àjọ UNESCO.

Ohun tí àwọn ọmọ máa ń fẹ́ jù níbẹ̀ kì í ṣe ààfin. Ẹsẹ̀ Àgbóògùn ni. Ojú ẹsẹ̀ kan ni, ó wà lára òkúta, wọ́n ní ti ọdẹ kan láyé àtijọ́ ni, wọ́n sì ní kò sí ẹsẹ̀ tí kì í bá mu, ẹsẹ̀ ọmọdé ni o, ẹsẹ̀ àgbà ni o, àfi ẹsẹ̀ àjẹ́. Ìgbà àkọ́kọ́ tí a gùn ún dókè, ní oṣù kejìlá ọdún kan tí àbígbẹ̀yìn ṣì wà lẹ́yìn mi, ọmọ mi ọkùnrin kọ̀ láti ti ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ̀ ọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹ̀rù ń bà á kí wọ́n má rí àjẹ́ inú rẹ̀. Títí di òní, bí wọ́n bá ń jà, ọ̀rọ̀ yẹn á tún jáde.

Àtẹ̀gùn ni wàhálà. Wọ́n lé ní 600. Iye tó jẹ́ gan-an ni àwọn èèyàn kò fẹnu kò lé lórí: ẹ̀ẹ̀kan ẹ máa gbọ́ 660, ẹ̀ẹ̀kan 667, ẹ̀ẹ̀kan 682. Àkọ́bí mi kà á dé 671. Àbúrò rẹ̀ ń ka tirẹ̀ bọ̀, ó rí aláǹgbá olórí pupa kan, ó gbàgbé ibi tó dé, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ení. Bí ẹ bá ní ọmọ tó lè kà, ẹ fún un níṣẹ́ yìí. Kì í jẹ́ kí ó rántí pé ó ti rẹ òun. Ibi ìsinmi wà lójú ọ̀nà tí ẹ lè jókòó sí. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò tó ọdún méje, bó ti wù kí ó lágbára tó nílé, á ní kí ẹ gbé òun kí ẹ tó dé ibi ìsinmi kejì. Gígùn un kò burú tó sísọ̀ ọ́. Ọmọ kékeré kì í fẹ́ rọra tẹ àtẹ̀gùn nígbà tó bá ń bọ̀ nílẹ̀, sísá ló máa ń fẹ́ sá.

Mànàmáná sì ń kọ. Orí òkúta gbalasa kò ní ibi tí èèyàn máa sá sí. Bí ẹ bá rí ìkùukùu dúdú, tàbí tí ẹ gbọ́ tí ààrá kù níbì kan, bó tilẹ̀ ku àtẹ̀gùn 50 kí ẹ dé òkè, ẹ yí padà. Ẹ má wo ti owó ìwọlé tí ẹ ti san.

Ààfin Déjì, ọba Àkúrẹ́, ní tirẹ̀ wà láàárín ìlú, lẹ́bàá Ọjà Ọba, níbi tí gbogbo wa ń kọjá lójoojúmọ́ tí a kì í yà. Ohun tó sún mọ́ni ni kì í níyì lójú ẹni. Ààfin àtijọ́ ni mò ń sọ, èyí tí ìjọba àpapọ̀ sọ di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1990. Ògiri amọ̀, àgbàlá nínú àgbàlá, wọ́n lé ní 15, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni wọ́n ń fi wọ́n ṣe. Ùà ni a ń pe àgbàlá ní Àkúrẹ́. Ùà Ìkómọ wà fún ìsọmọlórúkọ, Ùà Ùbúra sì jẹ́ ibi tí wọ́n ti ń búra. Ẹ sọ fún ọmọ yín pé bí ó bá jẹ́ láyé àtijọ́ ni, tí òun àti àbúrò rẹ̀ ń jiyàn pé ta ló jẹ ẹran inú ìkòkò, Ùà Ùbúra ni wọ́n máa kó wọn lọ. Tèmi jẹ́wọ́ kí a tó jáde ní ẹnu ọ̀nà.

Ìtàn tí ẹ máa sọ níbẹ̀ kúrú, ó sì dùn. Ọdẹ ni Aṣọdẹbóyèdé, àrọ́mọdọ́mọ Odùduwà, tí wọ́n ní ó tẹ ìlú yìí dó. Bí ó ti dé ibí ni okùn ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀ já. Àkún rẹ́! Ibẹ̀ ni orúkọ Àkúrẹ́ ti wá. Bí ẹ bá jáde, ẹ gba inú Ọjà Ọba, ẹ ra ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ díẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á, kí ẹ sì ra okùn. Màá padà sí ti ìlẹ̀kẹ̀ yẹn.

Ẹ má kàn já wọ ààfin o. Ẹ bi àwọn tó wà lẹ́nu géètì bóyá wọ́n ń gba àlejò lọ́jọ́ náà, nítorí bí ètò tàbí orò bá wà, wọ́n á ní kí ẹ padà wá. Ẹ wọ aṣọ tó bo ara. Ẹ kọ́ ọmọkùnrin láti dọ̀bálẹ̀, kí obìnrin kúnlẹ̀, kí ẹ tó kúrò nílé, kó má di pé ẹ ń fi ọwọ́ tẹ̀ wọ́n lórí mọ́lẹ̀ níwájú olóyè.

Ẹ jẹ́ kí n wá fi àwọn méjèèjì lé ìwọ̀n. Ìdànrè máa gba ọjọ́ kan odindi lọ́wọ́ yín, ààfin kò ní ju wákàtí méjì lọ. Ìdànrè nílò owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ àti owó ìwọlé. Ẹ béèrè iye rẹ̀ tuntun kí ẹ tó lọ, nítorí ó ń yí padà. Ààfin, táksí kan láti Alágbàká tàbí Ìjàpọ̀ ti tó, ẹ sì mú nǹkan díẹ̀ dání fún ẹni tó bá mú yín káàkiri. Bí òjò bá dé, Ìdànrè ti bàjẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́. Ní ààfin, abẹ́ òrùlé ni ẹ máa yà sí, ẹ ó sì rí bí omi ṣe ń dà sáàárín àgbàlá. Ṣùgbọ́n ní ti ohun tí ọmọ máa fi yangàn níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nígbà tí tíṣà bá ní kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n ṣe ní ìsinmi, Ìdànrè ló borí pátápátá. N kò lè parọ́ ìyẹn.

Tèmi ni pé: bí ẹni tó kéré jù nínú wọn bá ti lé ní ọdún méje, tí ojú ọ̀run sì mọ́ ní aago mẹ́fà àárọ̀, ẹ máa lọ sí Ìdànrè. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ gba ààfin lọ, kí ẹ fi Ìdànrè dúró di oṣù kọkànlá. Òkúta á ti gbẹ nígbà náà, ọyẹ́ kò sì ní tí ì fi eruku bo ojú òkè, ẹ ó rí ọ̀nà jíjìn. Ẹ sì tún lè lọ sí Ìdànrè láì gùn ún, ohun tí kì í sí ẹni tó ń rò ó. Ẹ dúró sísàlẹ̀ ní Odòde, kí ọmọ gbé ojú sókè, kí ẹ ra àsálà sísè tí àsìkò rẹ̀ kò bá tí ì kọjá, kí ẹ jókòó pa á jẹ. Ọmọ ọdún mẹ́rin kò mọ̀ pé òun kò dé òkè. Ohun tó mọ̀ ni pé òun rí òkúta tó ju ilé ìjọsìn wa lọ.

Ọ̀wọ̀ lásìkò Ìgógò àti oko kòkó

Ọ̀wọ̀ ní oṣù kẹsàn-án yàtọ̀ sí Ọ̀wọ̀ oṣù yòókù. Oṣù yìí ni wọ́n ń ṣe ọdún Ìgógò, ọjọ́ 17 gbáko, ní ìrántí Ọ̀rọ̀nsẹ̀n, aya Ọlọ́wọ̀ Rẹrẹngẹjẹn. Ohun àkọ́kọ́ tí ọmọ máa kíyè sí ni pé ìlù kò dún. Èèwọ̀ ni ìlù lásìkò náà, èèwọ̀ ni ìbọn, agogo ni wọ́n ń lù. Ohun kejì ni Ọlọ́wọ̀ fúnra rẹ̀ pẹ̀lú àwọn olóyè ńlá, tí wọ́n di irun, tí wọ́n wọ iyùn àti aṣọ bí obìnrin, tí wọ́n ń jó. Ọmọ mi ọkùnrin wò ó títí, ó fà mí láṣọ, ó ní, “Mọ́mì, kábíyèsí di irun ju ti Sístà lọ.” Òótọ́ ló sọ.

Ẹ ti sọ ìtàn náà fún wọn nínú ọkọ̀ kí ẹ tó débẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ aṣọ nìkan ni wọ́n máa wò. Ọ̀rọ̀nsẹ̀n kì í ṣe èèyàn lásán, ó sì ní èèwọ̀: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lọ ilá níṣojú rẹ̀, wọn ò gbọdọ̀ ju ìdì igi ìdáná sílẹ̀ láti orí, wọn ò sì gbọdọ̀ da omi sí àgbàlá. Àwọn orogún rẹ̀ jowú, wọ́n ṣe gbogbo rẹ̀ lójú rẹ̀. Ó bínú, ó jáde nínú ààfin, wọn ò sì rí i mú padà mọ́. Ẹ bi ọmọ pé èwo nínú èèwọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni òun ì bá kọ́kọ́ ṣèèṣì rú. Nílé tiwa, omi dídà ni gbogbo wọn fi ẹnu kò lé lórí.

Bí ẹ bá ti dé Ọ̀wọ̀, ẹ yà sí mùsíọ́ọ̀mù tó wà nínú ọgbà ààfin. Ọdún 1968 ni wọ́n dá a sílẹ̀ láti tọ́jú àwọn nǹkan àtijọ́ tó wà lọ́wọ́ ààfin. Ọ̀wọ̀ yìí náà ni Ekpo Eyo, onímọ̀ nípa ohun àtijọ́, ti wa ilẹ̀ láàárín 1969 sí 1971, tó sì hú àwọn ère amọ̀ jáde tí wọ́n fi mọ̀ pé iṣẹ́ ọnà ti gbilẹ̀ níbẹ̀ láti nǹkan bí 600 ọdún sẹ́yìn. Ọmọ ọdún mẹ́wàá sókè á gbádùn rẹ̀. Èyí tó kéré á ní kí ẹ jẹ́ kí a máa lọ.

Ṣùgbọ́n Ọ̀wọ̀ fẹ́ ètò. Ààfin ni ó ń kéde ọjọ́ ọdún, ẹ sì gbọ́dọ̀ mọ ọjọ́ tí kábíyèsí máa jáde kí ẹ tó gbéra, nítorí kì í ṣe ojoojúmọ́ nínú ọjọ́ 17 náà ni nǹkan wà fún àlejò láti wò. Ọ̀nà rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 50, tírélà sì pọ̀ lójú ọ̀nà náà. Èrò máa ń pọ̀. Kí ẹ tó sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ẹ fi báírò kọ nọ́ńbà fóònù yín sí ọmọ kọ̀ọ̀kan lápá. Fìlà àti gèlè, ẹ fi wọ́n sílé, èèwọ̀ ni wọ́n níbẹ̀ lásìkò náà. Bí òjò bá wá dé ńkọ́, tí aṣọ òjò ọmọ ní ìborí lára? Ẹ bi ará ìlú kí ẹ tó fi bò ó lórí. Kò sí ìtìjú nínú bíbéèrè.

Oko kòkó ní tirẹ̀, ta ló ń polówó rẹ̀? Ìpínlẹ̀ Òǹdó ló ń ṣáájú nínú kòkó ní Nàìjíríà, síbẹ̀ ọmọ wà ní Àkúrẹ́ tó rò pé inú ṣọ́ọ̀bù ni ṣokoléètì ti ń hù. Oṣù kẹsàn-án ni kòkó ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, títí wọ oṣù kejì. Bí ẹ bá ní bàbá, ẹ̀gbọ́n, àna tàbí ọ̀rẹ́ tó ní oko, ẹ ti ní ibi ìjáde. Bàbá ọkọ mi ní ìwọ̀nba lójú ọ̀nà Òǹdó, ibẹ̀ ni a lọ ní ọjọ́ kẹta tí a ti Ìdànrè dé, tí itan ṣì ń dùn mí.

Ohun tó kọ́kọ́ yà wọ́n lẹ́nu ni pé ara igi gan-an ni kòkó ń so sí, kì í ṣe ẹnu ẹ̀ka bíi máńgòrò. Òmíràn so sí ìdí igi débi pé àbígbẹ̀yìn lè fi ọwọ́ kàn án. Bàbá mú èyí tó ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó fi kóńdó gbá a lẹ́ẹ̀kan, ó là sí méjì. Ó gbé e sí wọn nímú. Hóró rẹ̀ tò sínú bí eyín, funfun, wọ́n ń yọ̀, omi dídùn bò wọ́n. Bàbá ní, “Ẹ mú un, ẹ lá a, ẹ má gé e jẹ o.” Àwọn ọmọ lá a. Ó dùn, ó kan díẹ̀. Èyí ọkùnrin gbàgbé, ó gé e jẹ. Ojú tó fà yẹn, bí mo bá rántí rẹ̀, mo ṣì máa ń rẹ́rìn-ín. Ó tu ú sọ́wọ́, inú rẹ̀ pọ́n bí àlùkò, ó ní, “Bàbá, èyí ti bàjẹ́. Kì í ṣe ṣokoléètì.” Ni Bàbá bá mú wọn lọ síbi tí kòkó tó ti fọ́ wà lábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó ṣí ewé díẹ̀ fún wọn. Ooru jáde níbẹ̀, pẹ̀lú òórùn bíi ti ẹmu tó ti kan. Ó ní ọjọ́ márùn-ún sí méje ló máa wà níbẹ̀ kí wọ́n tó sá a, àti pé ibẹ̀ ni ìkorò rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù. Ọmọ mi ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ó yára fà á yọ. Ó gbóná, iná kò sì sí níbẹ̀. Ìyẹn ló ń sọ fún gbogbo èèyàn fún ọ̀sẹ̀ kan, kò sọ ti Ìdànrè.

Oko ní ewu tirẹ̀. Tánpẹ́pẹ́ fẹ́ràn igi kòkó, ẹ wọ ṣòkòtò gígùn àti bàtà tó bo ẹsẹ̀ fún wọn. Ejò wà nínú ewé gbígbẹ, nítorí náà kí àgbà máa ṣáájú. Àdá àti akọ́rọ́, ọmọ kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ kàn wọ́n. Èyí tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ sì ni èyí: àsìkò òjò ni kòkó máa ń dúdú tó máa ń rà lórí igi, ìgbà náà ni àgbẹ̀ ń fín oògùn sí i. Ẹ bi olóko bóyá ó ti fín in láìpẹ́ kí ẹ tó jẹ́ kí ọmọ lá ohunkóhun. Bí ó bá ti fín in, ẹ kàn wò ó lójú, kí ẹ sì fi omi àti ọṣẹ fọ ọwọ́ wọn.

Ọ̀wọ̀ ni èèyàn máa ń rántí títí ayé bí ọjọ́ bá bọ́ sí i. Ẹlẹ́ẹ̀kan lọ́dún ni, bí ẹ bá pàdánù rẹ̀, ó di ẹ̀mí-ìn. Oko kòkó ń dúró dè yín títí di ọdún tuntun, kò sì ná yín ju owó ọkọ̀ àti búrẹ́dì tí ẹ máa mú lọ fún Bàbá. Fún ọmọ tó ti lé ní ọdún mẹ́wàá, màá yan Ọ̀wọ̀. Fún èyí tó wà láàárín mẹ́rin sí mẹ́sàn-án, oko ni, n kò sì ní jiyàn lé e lórí.

Bí ọjọ́ bá kúrú tàbí owó kò tó

Ọgbà ẹranko T. A. Afolayan wà nínú FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́. Ó kéré, ẹ má lọ máa retí kìnnìún mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́ta kò nílò ju ọ̀bọ kan tó ń wo òun lójú lọ. Kò gba àkókò, inú ìlú ni, bí òjò bá sì ṣú, ẹ ó ti délé kí ó tó rọ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n máa ju bisikíìtì sí ẹranko.

Alágbàká ní ibi tó tẹ́jú tí ọmọ lè ti gun kẹ̀kẹ́ lọ́jọ́ Àìkú nígbà tí ọkọ̀ kò pọ̀. N kò ní ohun púpọ̀ láti sọ nípa rẹ̀. Bí ẹ bá ní bọ́ọ̀lù, ó tó.

Àsun nìkan ni kí ẹ ṣọ́ra fún níbi gbogbo tí ẹ bá yà sí láti jẹun. Ara wa ni, àwa la ni ín, ṣùgbọ́n ata rẹ̀ kì í ṣe ti ọmọdé. Ẹ ra àgbàdo sísun fún wọn, kí ẹ̀yin jẹ àsun yín ní ìkọ̀kọ̀.

Bí òjò bá wá há yín mọ́lé pátápátá, ẹ rántí ìlẹ̀kẹ̀ tí mo ní kí ẹ rà ní Ọjà Ọba. Ẹ tẹ́ aṣọ funfun sílẹ̀, ẹ da ìlẹ̀kẹ̀ sórí rẹ̀, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan sín tirẹ̀. Èyí tó dàgbà á to àwọ̀, èyí tó kéré á kàn máa ti okùn bọ̀ ọ́. Ẹ má lo àwo. Bí àwo bá dànù, ìlẹ̀kẹ̀ á wọ abẹ́ àga gbogbo. Ẹni tó bá ṣì ń ti nǹkan bọ ẹnu, ẹ má jẹ́ kí ó dé ìtòsí. Ẹ fún un ní ọpọ́n ayò láìsí ọmọ ayò nínú rẹ̀, kí ó máa lù ú bí ìlù. A fi irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ lo wákàtí mẹ́ta, fóònù mi wà lórí tábìlì, kò sẹ́ni tó bi mí léèrè rẹ̀.

Ohun tí ẹ máa gbé

Ìbikíbi tí ẹ bá yàn, ẹ di aṣọ kan sílẹ̀ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan sínú ọ̀rá tí omi kò lè wọ̀. Bàtà tó di ẹsẹ̀ mú, kì í ṣe sílípáàsì. Mo ti sọ ohun tí ojú mi rí. Omi tó pọ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ. Àkàrà tàbí ẹyin sísè, nítorí ebi ọmọ kì í dúró de ilé oúnjẹ. Bí ẹ bá jẹ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún, ẹ bá awakọ̀ sọ ọ́ ní dírọ́pù, àlọ àti àbọ̀, kí ẹ sì fẹnu kò lórí owó náà kí ọmọ kankan tó wọlé jókòó. Bí ọmọ bá ti jókòó, awakọ̀ ti mọ̀ pé ẹ ò lè sọ̀kalẹ̀ mọ́.

Ìyá Ìbejì gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó ní ọkọ òun ti ṣèlérí Ìdànrè fún àwọn ọmọ. Mo ní kí ó wo ẹsẹ̀ wọn. Ó wò wọ́n, àwọn méjèèjì wà lórí àtẹ̀gùn ilé wa, àtẹ̀gùn méjìlá péré, ọ̀kan ti ń sọ pé kí èkejì pọn òun. Ó rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n lọ sí ààfin, wọ́n délé kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà náà, bí Kẹ́hìndé bá ti rí mi lẹ́nu ọ̀nà, ìbéèrè kan náà ni: ìlẹ̀kẹ̀ ọba tó já yẹn, ṣé wọ́n rí gbogbo rẹ̀ ṣà tán?